Frangipani tó wọ́wé lásìkò ọyẹ́ kò tíì kú o, ẹ má gé e

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ilẹ̀ sì gbẹ, àwọn onílé kan a yọ àdá sí igi òdòdó tí kò ní àìsàn kankan. Frangipani ni à ń sọ, igi kúkúrú olóòórùn dídùn tó máa ń wà nínú ọgbà ilé àti àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, tí òdòdó rẹ̀ funfun, tí àárín rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ pupa.

Ohun tó ń fa àṣìṣe yìí ni pé igi náà máa ń wọ́wé tán pátápátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò wá ku ẹ̀ka lásán. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni orírun rẹ̀. Níbẹ̀ náà, òjò a máa dá fún oṣù bíi mélòó kan, inú ẹ̀ka tó nípọn wọ̀nyẹn ló sì ń tọ́jú omi pamọ́ sí. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí oje funfun sì yọ, ààyè ni. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹrà, ìyẹn ti lọ.

Àwọn mìíràn kì í gé e, àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, ni wọ́n bá ń bomi rin ín láràárọ̀. Omi yẹn gan-an ló ń pa á, nítorí igi tí kò léwé kò lè lo omi púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì jẹrà, pàápàá èyí tó wà nínú ìkòkò. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi rúwé.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ló dára láti gé ẹ̀ka fún gbígbìn. Ẹ gé èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì gbé e sí ibòòji fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: èyí tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e sábà máa ń jẹrà. Ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí ló fẹ́, àti oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Abẹ́ máńgòrò kọ́ ni àyè rẹ̀.

Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń yọ òdòdó, nítorí náà ẹni tó bá ń rẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà, òdòdó ló ń rẹ́ dànù. Ẹ ṣọ́ oje rẹ̀ o, kó má kan ojú àwọn ọmọdé.

Irú kan wà tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ rí róbótó. Ìyẹn kì í sábà wọ́wé tán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójijì, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí omi ti pọ̀ jù níbẹ̀.