Ìjáyà, Àníyàn àti Ìfọ̀kànbalẹ̀: Èdè-Ìperí fún Ohun tí Ó Ń Ṣe Aṣèdánwò

1. Ìfáárà

Ìwòyè-Kétu wà lẹ́nu ibodè tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889. Àwọn ọmọ tí ń kàwé ní apá Nàìjíríà ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò àjọ WAEC. Àwọn ìbátan wọn ní apá Bẹ̀nẹ̀ ń fi èdè Faransé ṣe ìdánwò BAC. Èdè ìdánwò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà: ‘Àyà mi ń já.’ Ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́: ‘Fọkàn balẹ̀.’

Ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi orúkọ kan ṣoṣo pè, èyíinì ni ẹ̀rù ìdánwò. Oògùn ọ̀kan kì í sì í ṣe oògùn èkejì.

2. Ìjáyà

Ìjáyà ni a ó pe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí ewu bá yọjú, ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó jókòó sórí kíndìnrín a tú èròjà adirẹ́nálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a sáré, èémí a yá, àtẹ́lẹwọ́ a sì làágùn. Walter Cannon, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915 pé ara ń múra ìjà tàbí ìsá ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́sàn-án wò: lẹ́yìn ìdánwò tí ó le, ṣúgà wà nínú ti mẹ́rin, lẹ́yìn èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ti ẹnì kan péré.

Ṣúgà náà jẹ́ agbára tí ara tú sílẹ̀ fún iṣẹ́. Nítorí náà, ìjáyà kì í ṣe àmì pé aṣèdánwò ti kùnà. Bí ó bá pọ̀ jù, kí ó rọra mí, kí mímí síta sì gùn ju mímí sínú lọ, nítorí pé lílù ọkàn a máa falẹ̀ nígbà tí a bá ń mí síta.

3. Àníyàn

Àníyàn ni ọ̀rọ̀ tí ọkàn ń bá ara rẹ̀ sọ: ‘Bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́? Ojú wo ni n ó fi wo Bàbá?’ Liebert àti Morris ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ìjáyà ní 1967. Ìwádìí sì ti fi hàn pé òun ni ó ń ba èsì ìdánwò jẹ́ jù.

Kí ni ó fà á? A dábàá pé kí a pe ibi tí ẹ̀kọ́ ń gbé pẹ́ ní iyè-ìpamọ́, kí a sì pe ibi tí a ti ń lò ó lọ́wọ́ ní iyè-ìlò. Iyè-ìpamọ́ dà bí àká. Iyè-ìlò dà bí àtẹ tí kò gba ọjà púpọ̀. Ọmọ tí ń fi èdè àjèjì ṣe ìṣirò ti gbé ìtumọ̀ ìbéèrè àti iye sórí àtẹ náà. Bí àníyàn bá tún gorí rẹ̀, ààyè tán. Àwọn ènìyàn a ní wọ́n ti ra á níyè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ kò sọnù. Ìdí nìyí tí ìdáhùn fi ń padà wá bí ó bá ti jáde.

4. Ìfọ̀kànbalẹ̀

Ọkàn tí ó balẹ̀ kò sùn. Ó fìdí kalẹ̀ sójú kan ni. Ìfọ̀kànbalẹ̀, nígbà náà, ni kí àtẹ ṣófo fún iṣẹ́, bí àyà tilẹ̀ ń lù.

Ní 2011, Ramirez àti Beilock rí i pé àwọn aláníyàn tí ó fi ìṣẹ́jú 10 kọ àníyàn wọn sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa sí i. Ní 2016, Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tí ó fi bíbi ara rẹ̀ léèrè kẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè gbàgbé nígbà ìpayà bí ẹni tí ó kàn ń tún ìwé kà. Nítorí náà, kí ọmọ pa ìwé dé, kí ó sì máa dáhùn ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú. Nínú gbọ̀ngàn, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó mọ̀; bí ọ̀kan bá dí i lójú, kí ó rékọjá sí òmíràn, kí ó padà sí i nígbà tí ó bá yá.

5. Ìkádìí

Bí olùkọ́ bá lè bi ọmọ pé, ‘Ṣé ìjáyà ni, àbí àníyàn?’, ó ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́. Ọjọ́ ìdánwò kì í bá ènìyàn lójijì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.