ÌDÌBÒ ÀÀRẸ ÀTI ÀTÚNṢE ÌWÉ ÒFIN ILẸ̀ WA

Lónìí a fẹ́ ka nípa bí a ṣe ń yan Ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà, àti ìdí tí a fi ń tún Ìwé Òfin ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn agbẹjọ́rò nìkan. Ẹni tó bá ti lè ka ìwé yìí lè lóye rẹ̀. Ẹ rọra kà á. Bí ibì kan bá le, ẹ padà sí i, kí ẹ tún un kà.

KÍ NI ÌWÉ ÒFIN?

Ogún ènìyàn kó ara wọn jọ láti máa dá èésú. Kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ní láti fẹnu kò lórí nǹkan mélòó kan. Èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa dá? Ta ni yóò kọ́kọ́ kó? Ta ni yóò máa tọ́jú owó? Báwo ni a ó ṣe yọ olórí bí kò bá ṣe dáadáa? Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn ni òfin ẹgbẹ́. Olórí ẹgbẹ́ pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìwé Òfin Ilẹ̀ rí. Òun ló ga ju gbogbo òfin mìíràn lọ. Òun ló sọ bí a ṣe ń yan Ààrẹ, iye ọdún tí yóò lò, ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Èyí tí a ti ń lò láti 29 May 1999 ni a ń pè ní Ìwé Òfin ọdún 1999.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ló kọ òfin, ènìyàn kò sì lè rí gbogbo ohun tó wà níwájú. Aṣọ tí a rán fún ọmọ ọdún márùn-ún kò lè bá a mu nígbà tó bá di géńdé. Báyìí ni òfin náà máa ń fún ìlú mọ́ra nígbà mìíràn. A ó tú u níbi tó ti fún, a ó sì tún un rán. Ìyẹn là ń pè ní àtúnṣe Ìwé Òfin.

OHUN TÍ ẸNI TÓ FẸ́ JẸ ÀÀRẸ GBỌ́DỌ̀ NÍ

Àwọn kan rò pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ti wọlé náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nǹkan méjì ni òfin ń béèrè.

Èkíní, kí ìbò rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Èkejì, kí ó ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni 25 nínú 100.

Kí nìdí èkejì yìí? Nàìjíríà ní oríṣiríṣi ẹ̀yà àti èdè. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan kó ìbò jọ ní agbègbè tirẹ̀ nìkan, kó sì wá di Ààrẹ lórí gbogbo wa. Ó gbọ́dọ̀ wá ojú rere àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ pẹ̀lú. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ èrò rere kó yéni yékéyéké, ó lè di ìjà.

ÌṢIRÒ ỌDÚN 1979

Ní 11 August 1979, a dìbò láti yan Ààrẹ. Ènìyàn márùn-ún ló du ipò náà: Shehu Shagari, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Nnamdi Azikiwe, Aminu Kano àti Waziri Ibrahim. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà.

Shagari ní ìbò 5,688,857. Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ìbò Shagari ló pọ̀ jù. Ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní ìpínlẹ̀ kẹtàlá, èyí tí í ṣe Kano, nǹkan bí 20 nínú 100 ló ní. Kò pé 25.

Wàyí o, kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ẹ pín 19 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 6, yóò sì ku 1. Bí ẹ bá pín ìyẹn náà, tí ẹ sì mú ọ̀nà méjì, ẹ ó ní 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ alààyè 19 ni a fẹ́ pín, a kò lè gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó mú 12 àti díẹ̀ wá gbọ́dọ̀ mú 13 wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣu ni, a lè fi ọ̀bẹ gé e. Ṣé ewúrẹ́ ni ìpínlẹ̀ ni, àbí iṣu?

Awólọ́wọ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ kò ṣeé gé, pé 13 ni òfin ń béèrè. Àjọ tó ṣètò ìdìbò, FEDECO, sọ pé ó ṣeé gé. Wọ́n ní nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano ni kí á ti wo ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 100 jẹ́ nǹkan bí 67. Ìdá kan nínú mẹ́rin 67 jẹ́ nǹkan bí 17. Shagari ti ní nǹkan bí 20. Nítorí náà, wọ́n kéde pé ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Adájọ́ méje ló jókòó. Ní 26 September 1979, mẹ́fà nínú wọn fọwọ́ sí i pé Shagari wọlé. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kò gbà. Ní 1 October, Shagari gorí oyè.

A kò kọ èyí láti tún ẹjọ́ náà dá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ rí. Àwọn tó kọ òfin mọ̀ pé ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Wọ́n mọ̀ pé 19 kò ṣeé pín sí mẹ́ta dọ́gba. Bí wọ́n bá ti kọ "ìpínlẹ̀ 13" tàbí "ìpínlẹ̀ 12" sílẹ̀ ní kedere, àríyànjiyàn yẹn kì bá tí wáyé.

Lóde òní ìpínlẹ̀ 36 ló wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 24 gééré. Ìṣirò yẹn ti rọrùn. Ṣùgbọ́n òfin tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un: gbogbo ìpínlẹ̀ "àti" Abuja. Lẹ́yìn ìdìbò 25 February 2023, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "àti," dé ilé ẹjọ́. Àwọn kan sọ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní Abuja fúnra rẹ̀. Ní 26 October 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ńṣe ni a ó ka Abuja mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ò rí i? Ní 1979 ìjà wà lórí ìdá kan. Ní 2023 ó wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

ÀTÚNṢE TÓ ṢE WÁ LÓORE

Ní April 2007, a dìbò fún gómìnà àti fún Ààrẹ. Ẹjọ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹjọ́ lórí ipò Ààrẹ kò parí títí di 12 December 2008. Ààrẹ sì ti wà lórí oyè láti 29 May 2007.

Ti àwọn gómìnà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Òndó, February 2009 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé Olúṣẹ́gun Mímikò ló wọlé. Ní Èkìtì, ó di October 2010 kí Káyọ̀dé Fáyẹmí tó gba ipò. Ní Ọ̀ṣun, ó di November 2010 kí Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó gbà á. Ọdún mẹ́rin ni sáà gómìnà. Ẹni tí ilé ẹjọ́ sọ pé kò wọlé ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún àwọn tó dìbò?

Nítorí èyí ni wọ́n fi tún Ìwé Òfin ṣe ní 2010. Láti ìgbà náà, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí èsì ìbò gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ wá láàárín ọjọ́ 21. Ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ dá a láàárín ọjọ́ 180. Bí wọ́n bá pẹ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 60 ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: ẹjọ́ Ààrẹ ti 2007 gbà ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ti 2023 parí ní oṣù mẹ́jọ.

Àtúnṣe 2010 tún ṣe nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ kí owó àjọ INEC máa jáde tààrà láti àpò ìjọba àpapọ̀, kí ó má baà máa tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò. Adájọ́ ìjàkadì kò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn oníjàkadì.

Ní 2018, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 kò lè du ipò Ààrẹ. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún 35. Tẹ́lẹ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé ní ìdìbò àkọ́kọ́, ọjọ́ 7 péré ni òfin fi sílẹ̀ kí a tó tún dìbò. Báwo ni a ó ṣe tẹ ìwé ìbò, tí a ó sì gbé e dé gbogbo abúlé láàárín ọjọ́ 7? Wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ 21.

ILẸ̀KÙN OLÓKỌ́KỌ́RỌ́ MẸ́TA

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Bí a bá lè tún òfin ṣe, ṣé alágbára kò ní tún un ṣe fún àǹfààní ara rẹ̀?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ti ilẹ̀kùn náà.

Kọ́kọ́rọ́ kìíní wà lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Abuja. Nínú àwọn 109, ó kéré tán 73 gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ kíyè sí i pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 109 kò pé 73, ṣùgbọ́n ènìyàn kò ṣeé gé bí iṣu.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Ilé Aṣojú-ṣòfin. Nínú àwọn 360, ó kéré tán 240 gbọ́dọ̀ gbà.

Kọ́kọ́rọ́ kẹta wà lọ́wọ́ àwọn Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36, ó kéré tán 24 gbọ́dọ̀ gbà.

Ní 2006, wọ́n gbé ìwé àtúnṣe kan wá. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí Ààrẹ àti gómìnà lè ṣe sáà kẹta, nígbà tí òfin sọ pé sáà méjì ni òpin. Ní 16 May 2006, Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ kìíní kò ṣí. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe mìíràn wà nínú ìwé kan náà, gbogbo wọn sì bá a lọ. Ẹni tó bá po iyanrìn mọ́ gàrí, gbogbo gàrí ló máa dà nù.

OHUN TÍ ÒFIN NÌKAN KÒ LÈ ṢE

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti àpótí ìbò. Ní 12 June 1993, àwọn ènìyàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n dìbò láti yan Ààrẹ. Èsì tó ń jáde fi hàn pé M.K.O. Abíọ́lá ló ń borí. Ní 23 June, ìjọba ológun fagi lé e. Ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ kò béèrè ohun tí ìwé wí. Ó di 2018 kí ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá, lẹ́yìn tó ti kú láti 1998.

Àtúnṣe kan sì wà tó yẹ kí á tún máa béèrè. Títí di 2023, Ààrẹ máa ń búra, ó sì máa ń wọ ọ́fíìsì nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ kì í kọ́kọ́ kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ó yẹ kí ìdìbò àti ẹjọ́ parí kí ọjọ́ ìbúra tó pé. Ní 1979 ẹjọ́ parí kí Ààrẹ tó búra. Nǹkan tó ti ṣeé ṣe rí ni.

IPA TÌRẸ

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ipa tìrẹ kò kéré.

Mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú yín ní Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ yín. Ó ní ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́ kẹta. Nígbà tí àtúnṣe bá délẹ̀, kọ lẹ́tà sí i, tàbí kí ẹgbẹ́ yín rán ènìyàn lọ bá a. Sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́.

Má ṣe ta ìbò rẹ. Owó tí wọ́n fún ọ kò ní pẹ́ tán, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ìjọba yóò lò.

Bí o bá dìbò tán, dúró jẹ́jẹ́, má bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn yóò ka ìbò níṣojú gbogbo ènìyàn, wọn yóò sì lẹ ìwé èsì mọ́ ibẹ̀. Ìka ni gbogbo wa fi ń dìbò, àtọ̀mọ̀wé àtẹni tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé nìkan ló lè ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé èsì yẹn. Láyé àtijọ́ ẹlòmíràn ló ń kà á fún ọ. Ní báyìí, sún mọ́ ọn. Ka orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ka iye ìbò rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí o sì tọ́jú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Nǹkan méjì wo ni ẹni tó fẹ́ di Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní?
2. Kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 36? Kí ni ti 19?
3. Ọjọ́ mélòó ni òfin fún ilé ẹjọ́ láti dá ẹjọ́ ìdìbò?
4. Ta ni ń ṣojú yín ní Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ yín? Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
5. Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì: bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni adájọ́ ní 1979, ṣé ewúrẹ́ ni ẹ ó pe ìpínlẹ̀ ni, àbí iṣu? Kí nìdí?