Ìfilọ́lẹ̀ ìwé nílé ìtàwé: Ariwo ọjọ́ kan kọ́ ni èrè

Tẹ́lẹ̀ rí, bí òǹkọ̀wé bá gbé ìwé ìtàn àròsọ tuntun jáde, gbọ̀ngàn ńlá ni yóò háyà. Alága ọjọ́ náà yóò wà níjòókòó, àwọn èèyàn pàtàkì yóò tò síwájú, olùfilọ́lẹ̀ àgbà yóò sì fi owó gọbọi gba ẹ̀dà kan ṣoṣo. Àṣà yìí kò tíì parẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ti ń gba ilé ìtàwé lọ báyìí, pàápàá àwọn tó ń fi àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá ṣe ìpìlẹ̀ ìwé wọn. Wọ́n á ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sétí àwọn tó wá, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, wọ́n á sì buwọ́ lu ìwé fún ẹni tó bá rà á.

Lójú oníṣòwò, ọ̀nà méjèèjì kò jọra rárá. Owó gbọ̀ngàn, ẹ̀bùn ni. Ẹni tó dá a lè má ṣí ìwé náà wò láé, ẹlòmíràn sì lè ṣèlérí kó má san án. Owó ilé ìtàwé, ọjà títà ni. Àmọ́ ọjà títà ní ìṣirò tirẹ̀, bí òǹkọ̀wé àti oní-ṣọ́ọ̀bù kò bá sì ṣe é pa pọ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹnì kan máa jẹ gbèsè nínú wọn.

Ta ló ni ìwé orí àtẹ?

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé oní-ṣọ́ọ̀bù kì í fi owó ara rẹ̀ ra ìwé òǹkọ̀wé tuntun sílẹ̀. Ó ń gbà á tà ni. Èyí tó bá tà, yóò yọ ìpín tirẹ̀, yóò san ìyókù. Èyí tí kò bá tà, yóò dá a padà. Ìpín yìí sábà máa ń wà láàárín ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ta ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní òǹkọ̀wé tẹ ìwé 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná an ní ₦2,000. Mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn, ó sì lè jẹ́ owó tó yá lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n ń ta ìwé náà ní ₦5,000, ilé ìtàwé ń mú ìdá 35, ìyẹn ₦1,750, òǹkọ̀wé ń gba ₦3,250.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ìwé 60 tà. Èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ya fọ́tò, inú gbogbo èèyàn dùn. Ìpín ilé ìtàwé jẹ́ ₦105,000, ti òǹkọ̀wé jẹ́ ₦195,000. Ṣùgbọ́n àga, ìpanu àti pátákó ìpolówó ti jẹ ₦120,000. Bí oní-ṣọ́ọ̀bù bá dá a gbé, ó ti pàdánù ₦15,000. Bí òǹkọ̀wé ló gbé e, ₦75,000 ló kù sí i lọ́wọ́, ìwé 440 ṣì wà nílẹ̀, ìwé 345 sì gbọ́dọ̀ tà lápapọ̀ kí gbogbo owó tó ná tó wọlé padà. Bí wọ́n bá pín ìnáwó náà sí méjì, ₦45,000 ló kù fún ilé ìtàwé, ₦135,000 fún òǹkọ̀wé.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ẹ kọ iye ìwé tó wọlé, kí ẹ jọ buwọ́ lù ú. Ẹ kọ ìpín kálukú, ọjọ́ tí owó máa jáde, ẹni tó máa san owó àga àti ìpanu, àti ẹni tó máa ru ẹrù ìwé tó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé òǹkọ̀wé kò ní máa ta ìwé kan náà ní ₦4,000 látinú ọkọ̀ rẹ̀ níta, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á ní ₦5,000 nínú ilé. Ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé alálọ̀ọ́ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọjà tó ti pẹ́ ni: Fágúnwà gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde lọ́dún 1938, ilé iṣẹ́ kan ní London tẹ *The Palm-Wine Drinkard* ti Amos Tutùọlá jáde lọ́dún 1952, *Shigidi and the Brass Head of Obalufon* ti Wọlé Tàlàbí sì jáde lọ́dún 2023. Kò sẹ́ni tó ni Ìjàpá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, gba òǹkọ̀wé láàyè láti yá nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu fi ṣe iṣẹ́ tuntun, ó sì ní kí wọ́n dárúkọ àwùjọ tí ìtàn náà ti wá. Ṣùgbọ́n Àkàrà-ògùn kì í ṣe Ìjàpá. Fágúnwà ló dá a. Òfin yìí ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà títí di òpin ọdún 2033. Ti Tutùọlá, tó kú lọ́dún 1997, wà di òpin 2067. Òfin náà kan ẹni tó ń ta ìwé tó tàpá sí i, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Oní-ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè ibi tí ìtàn ti wá kí ẹ tó tò ó sórí àtẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn tó rà á bí wọ́n bá fẹ́, ẹ mú ìwé náà dé ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, ẹ jọ ka iye tó kù lóṣooṣù.

Àwọn oníwèé nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ń gbé ọṣẹ dúdú, òrí tàbí àdìrẹ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn wà nínú ọjà kan náà. Kí ẹ tó gbé ọjà kalẹ̀, ẹ rí i pé ẹ mọ ẹni tí àdánù máa bá bí kò bá tà.