Ẹran Mẹ́ta Tí Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ara Wa

Ní ìgbà kan rí, oko ni ó yí Àgídìngbì ká níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Agége gbin kòkó àti obì, àwọn alágbàṣe sì ń ru ẹrù wọn lórí. Lónìí, ilé iṣẹ́ ńlá ńlá ti gba ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbára kò tán níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní òwúrọ̀ yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń já àpò kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí òógùn ń ṣàn lára wọn, tí apá wọn sì le bí igi. A ó wí pé, "Ọkùnrin yìí lágbára." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú wa rí yẹn jẹ́ ẹyọ kan péré nínú oríṣi mẹ́ta. Méjì tí ó kù fi ara pamọ́, ìwọ̀nyí ni ẹ̀mí wa sì rọ̀ mọ́ jù.

Èdè wa ń pe ohun púpọ̀ ní iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, àti ẹran tí ń fa egungun náà. Kí ọ̀rọ̀ má bà á dàrú mọ́ wa lójú, "ẹran" ni àwa yóò máa pe ohun tí ń súnkì tí ó sì tún ń dẹ̀ láti mú ara ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ sí odò ẹran Oko Ọba ní Agége, tàbí sí ìsọ̀ alápatà tí ó sún mọ́ ọn. Lórí tábìlì kan náà ni yóò ti bá itan màlúù, ọkàn rẹ̀ àti ṣàkì rẹ̀. Itan ní fọ́nrán gígùn tí ó tò lọ gbọọrọ, tí eyín lè ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkàn le, ó sì dì pọ̀. Fọ́nrán rẹ̀ lọ́ mọ́ ara wọn, wọn kò sì rọrùn láti ya. Ní ti ṣàkì, abẹ́ ìbora rẹ̀ tí ó rí gánnagànna ni ẹran rẹ̀ wà, pẹlẹbẹ, tí a kò rí ìlà kankan nínú rẹ̀. Ara ènìyàn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Báwo ni ẹran ti ń súnkì? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí èyí. Ní ọdún 1954 ni A. F. Huxley pẹ̀lú R. Niedergerke, àti H. E. Huxley pẹ̀lú Jean Hanson, kọ ìwé jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti fi hàn pé fọ́nrán inú ẹran kò kúrú fúnra wọn, bí kò ṣe pé wọ́n ń yọ́ wọ àárín ara wọn. Fọ́nrán tín-ín-rín wà tí a ń pè ní actin, èyí tí ó nípọn sì wà tí a ń pè ní myosin. Ẹ rántí ẹni tí ń fa omi nínú kànga: ó di okùn mú, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tún na ọwọ́ síwájú láti dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ó wà lára myosin ń fa actin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kálísíọ̀mù, irú èyí tí ó wà nínú egungun wa, ni ó ń ṣe oníṣẹ́ tí ń sọ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fà sẹ́yìn, ẹran á dẹ̀.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe fífà nìkan ni ó ń gba agbára láti inú oúnjẹ. Jíjọ̀wọ́ okùn pẹ̀lú ń gbà á. Nítorí náà ni òkú ẹran fi ń le gan-an ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Agbára tán, ọwọ́ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí sì di okùn mú láì lè jọ̀wọ́ rẹ̀, títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ọ̀nà ìsúnkì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nínú ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀gá tí olúkúlùkù wọn ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀gá wọn yóò mọ ewu wọn, yóò sì mọ bí a ti ń tọ́jú wọn.

Èkíní ni ẹran tí ó so mọ́ egungun. Ìfẹ́ ọkàn wa ni ọ̀gá rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ́, àṣẹ yóò ti inú ọpọlọ wá, yóò gba ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, yóò sì tọ okùn tín-ín-rín kan dé inú apá mi. Ó yára, ó sì ní agbára, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ń mú un. Oríṣi fọ́nrán méjì sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo adìẹ: àyà rẹ̀ funfun, nítorí kì í fò ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, lọ́gán, itan rẹ̀ dúdú díẹ̀, nítorí ó ń rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ tún wo ẹyẹlé tí ń fò lọ jìnnà: àyà tirẹ̀ pupa. Ẹran pupa ni ó ń lo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa tí ó sì ń fara da iṣẹ́ pípẹ́. Àwa náà ní méjèèjì.

Ewu tí ó tọ́ kí àgbẹ̀ mọ̀ nípa ẹran yìí ni tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn. Bí ìṣó tàbí ọkọ́ bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, oró rẹ̀ lè tọ okùn àṣẹ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó sì dí ọ̀rọ̀ tí ń sọ fún ẹran pé kí ó dẹ̀. Ẹran á máa gbọ́ "Súnkì," kì yóò sì gbọ́ "Dẹ̀" mọ́. Ẹnu á dì, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ bí ọrun. Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ púpọ̀ wẹ ojú egbò, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ láì dúró de ìrora. Kí aboyún gba abẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú, nítorí ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbẹ́ tàbí erùpẹ̀ sí ìdodo ọmọ tuntun.

Èkejì ni ẹran ọkàn. Ọ̀gá tirẹ̀ ń gbé inú ilé rẹ̀. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ọkàn ahun ń lù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú ara. Ní ọdún 1907, Arthur Keith àti Martin Flack ṣe àpèjúwe ibi kékeré kan ní apá òkè ọkàn, ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ìlù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá ìlù ti ń ṣe aṣáájú, tí àwọn ìlù yòókù ń tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fọ́nrán ọkàn ń tẹ̀lé ibi kékeré yìí. Ọpọlọ lè sọ pé kí ó yára tàbí kí ó rọra, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń lù ú.

Ọwọ́ wa lè dì, kí ó sì wà ní dídì fún ìgbà díẹ̀. Ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. A dá a ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé ó ní láti dẹ̀ kí ó tó tún súnkì, nítorí bí kò bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè wọ inú rẹ̀. Ó ń lù tó 100,000 ìgbà ní ọ̀sán àti òru kan. Àárín ìlù kan sí èkejì ni ìsinmi rẹ̀, ìgbà náà sì ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jù ń dé ara òun tìkára rẹ̀ láti bọ́ ọ.

Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá le tí ó sì fún, ọkàn ń fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ẹran rẹ̀ á nípọn bí èjìká alágbàṣe, ṣùgbọ́n nípípọn yìí kì í ṣe ìlera: ó ń le, kì í dẹ̀ dáadáa mọ́, ní ìkẹyìn á sì rẹ̀ ẹ́. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 yẹ aláìsàn 1,006 wò, tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ tó mọ́, ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 45 ni ẹ̀jẹ̀ ríru fà á. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i kì í mọ̀, nítorí kì í dunni. Nítorí náà, kí ẹni tí apá rẹ̀ le má ṣe rò pé ọkàn òun le pẹ̀lú. Kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí òǹkà náà bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n léraléra, kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì máa lo oògùn tí dókítà bá fún un, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá.

Ẹ̀kẹta ni ẹran inú: ti ikùn, ti ìfun, ti àpò ìtọ̀, ti ògiri ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, àti ti ilé ọmọ. Kò gbọ́ ti ìfẹ́ wa. Àwọn okùn àṣẹ tí a kò lè darí, àti àwọn oje tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ni ọ̀gá rẹ̀. Kì í yára, ṣùgbọ́n ó lè dì mú fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ kékeré.

Níbi ìbímọ ni agbára rẹ̀ ti hàn jù. Ní ìgbà tí oyún bá tó bíbí, ó kéré tán ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò, ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí á ṣí sílẹ̀. Kí ni yóò dí wọn? Ẹran náà ni. Fọ́nrán rẹ̀ hun ara wọn yí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ká, nígbà tí ó bá sì súnkì, á fún wọn pa bí ẹni fi okùn di ẹnu àpò. Bí kò bá súnkì, ìyá lè ṣòfò láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí ìgboyà tí ó lè pàṣẹ fún ẹran yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ lè ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 1906 ni Henry Dale rí i pé oje kan láti abẹ́ ọpọlọ ń mú ilé ọmọ súnkì. Oje yìí, oxytocin, ni a ń fi abẹ́rẹ́ fún ìyá lẹ́yìn ìbímọ títí di òní. Ní ọdún 2023 a tẹ èsì ìwádìí kan jáde, tí a ṣe ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, lára àwọn ìyá tí ó lé ní 200,000. Níbi tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ tí ń dà dípò kí a máa fojú díwọ̀n rẹ̀, tí a sì ń ṣe ìtọ́jú gbogbo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àní fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn, oxytocin, oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, omi sínú iṣan, àti yíyẹ ìyá wò, ewu ńlá tí ẹ̀jẹ̀ yìí ń mú wá dínkù ní ìdá 60 nínú 100. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, kí aboyún bímọ níbi tí agbẹ̀bí tí ó kọ́ iṣẹ́ wà. Ní agbègbè Àgídìngbì, ilé ìwòsàn Ìkẹjà kò jìnnà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ní ọdún 1955, tí ó sì ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé Àyìnkẹ́ tí ó wà níbẹ̀ wà fún àwọn ìyá. Kí ọkọ ti pèsè ọkọ̀ àti owó sílẹ̀ kí oṣù tó pé. Kí ìyá tọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, nítorí àpò ìtọ̀ tí ó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì dáadáa. Kí a tètè fi ọmọ sí ọmú, nítorí mímu ọmú ń pe oje kan náà jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gba abẹ́rẹ́ oxytocin lọ́wọ́ aláìmọ̀ láti mú ìrọbí yára, nítorí ìsúnkì tí ó pọ̀ jù lè fa ilé ọmọ ya.

Ẹran apá ń gbọ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí á fi ṣiṣẹ́, kí á sì sinmi. Méjì yòókù kì í gbọ́ àṣẹ wa, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun láti máa sìn wá, nígbà tí a bá sùn pẹ̀lú. Kí a má ṣe dúró dìgbà tí àárẹ̀ bá mú wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn.