Orúkọ-ilé Púpọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Kan: Bí A Ṣe Lè Pín Ímeèlì Wọn Láìṣìnà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fi lè máa gba ímeèlì fún ẹgbẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, tí lẹ́tà ẹnì kan kò sì ní ṣìnà wọ ilé ẹlòmíràn. Àwa fúnra wa ti jìyà àìmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni a ń bá tọ́jú ímeèlì wọn. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà tí àwọn òbí ń kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ti àkọ́kọ́ ni ó ń lọ.

Apá méjì ni àdírẹ́sì ímeèlì ní. Nínú info@example.com, info ni orúkọ ẹni. Èyí tí ó tẹ̀lé àmì @ ni a óò máa pè ní orúkọ-ilé. Láti 1986, tí ìlànà RFC 974 jáde, ni kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ti ń kọ́kọ́ wádìí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba lẹ́tà fún orúkọ-ilé náà. MX ni a ń pe àkọsílẹ̀ tí ó ń dáhùn ìbéèrè yìí. MX orúkọ-ilé méjì, tàbí igba pàápàá, lè tọ́ka sí kọ̀ǹpútà kan náà. Nítorí náà, ìṣòro kò sí lójú ọ̀nà. Inú ilé ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Postfix ṣe àpẹẹrẹ, ètò tí Wietse Venema kọ, tí ó jáde ní 1998. Bí a bá kọ orúkọ-ilé kan sí mydestination, Postfix yóò gbà pé ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni, yóò sì wá ẹni tí ó ní àkáǹtì níbẹ̀. Bí a bá wá kọ example.com àti example.org síbẹ̀ pọ̀, info kan ṣoṣo ni yóò wà fún méjèèjì. Àṣìṣe tiwa gan-an nìyẹn. Ó dà bí apínlẹ́tà tí ó dúró láàárín agbo-ilé méjì tí ó ń ké pe Àjọkẹ́, láìsọ Àjọkẹ́ agbo-ilé wo.

Ọ̀nà méjì wà tí Postfix fi lè ka odidi àdírẹ́sì. Èkíní ni virtual_alias_domains. A óò kọ ẹni tí ó ni lẹ́tà sí iwájú àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan:

info@example.com ajoke
info@example.org bisi

Àjọkẹ́ àti Bísí gbọ́dọ̀ ti ní àpótí lẹ́tà tiwọn níbì kan. Nínú ọ̀nà kejì, virtual_mailbox_domains, àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó ní àpótí. Ẹni tí ó ni ín kò nílò àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà náà rárá. Èyí ni àwa fara mọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ta ni yóò fún ogójì olùkọ́ ní kọ́kọ́rọ́ ilé nítorí lẹ́tà lásán?

A kò gbọdọ̀ kọ orúkọ-ilé kan sí ibi méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí. Bákan náà, kì í ṣe ìwé tí a tún ṣe gan-an ni Postfix sábà máa ń kà, bí kò ṣe ẹ̀dà tí àṣẹ postmap ṣe láti inú rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni a ti gbàgbé èyí, tí a jókòó tí a ń ṣe kàyéfì.

Lẹ́tà tí a kọ sí ẹni tí kò sí ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ni kí a ti fi èsì 550 kọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹpútà tí ó gbé e wá lè sọ fún ẹni tí ó rán an. Bí a bá gbà á wọlé tán kí a tó dá a padà, ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ pé ó fi í ránṣẹ́ ni yóò lọ, àwọn oníjìbìtì a sì máa kọ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni síbẹ̀. Orúkọ kan péré ni a kò gbọdọ̀ kọ̀: postmaster. Ìlànà RFC 5321 ti 2008 pa á láṣẹ fún gbogbo orúkọ-ilé tí a ń gba lẹ́tà fún, nítorí náà kí a kọ ìlà tirẹ̀ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.