Títún Aago Ọwọ́ Àtijọ́ Ṣe
Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé aago tí ó bá ṣì ń dún kò ní àrùn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò nípa èyí tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní chronograph: bọ́tìnnì kan ni a fi ń ṣí ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá, òun náà ni a fi ń dá a dúró, èkejì ni ó ń dá a padà sókè. Nígbà tí ẹni tí ń tún aago ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, òróró ti gbẹ, irin ti ń jẹ irin. Títú palẹ̀ ni, kí a fọ irin kọ̀ọ̀kan, kí a tó kán òróró tín-ín-rín sí i.

Ojú aago ni mo fẹ́ fi abẹ fá fúnra mi, nítorí ọ̀dà orí nọ́ńbà ti pàwọ̀dà. Ọkùnrin náà gba abẹ lọ́wọ́ mi! Rédíọ̀mù ni wọ́n fi ń kun irú aago bẹ́ẹ̀ títí di àwọn ọdún 1960, kí ó lè máa tàn lóru. Títàn rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n rédíọ̀mù kò kú: nǹkan bí 1,600 ọdún ni ó fi ń dín sí ìdajì. Bí a bá fa eruku rẹ̀ símú, inú egungun ni ó ń wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kun ojú aago ní New Jersey, Amẹ́ríkà, ní 1917 ń fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Egungun àgbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹrà.

Inú aago nìkan ni a tún ṣe. Mo fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà.