Dígí Gígùn Lára Ọkọ̀ Ẹlẹ́rù: Òótọ́ àbí Irọ́?

Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá, tó gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀ àti Kétu, kì í sinmi lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Gààrí, ẹyìn ọ̀pẹ, ọsàn, igi ìdáná, sìmẹ́ńtì Onigbolo: píkọ́ọ̀pù tí à ń pè ní báṣé ń kó gbogbo wọn. Ẹrù a máa yọ kọjá ara ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, nígbà mìíràn wọ́n á tún so rẹmọ́ọ̀kì mọ́ ọn nídìí. Tí awakọ̀ bá wá wo dígí tó bá ọkọ̀ dé, ẹrù ara rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo dígí gígùn, èyí tí apá rẹ̀ ṣeé fà jáde. Wọ́n ṣe é re. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa dígí yìí ní ibùdókọ̀ pọ̀, òmíràn nínú rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí ọlọ́kadà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

“Bí dígí bá ti gùn, kò sí ibi tó pamọ́ mọ́.”

Irọ́ ni. Dígí gígùn ń jẹ́ kí a rí ẹ̀gbẹ́ ẹrù àti ọ̀nà tó wà lẹ́yìn. Kò lè fi ọmọdé tó dúró sí ìdí ọkọ̀ gan-an hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi zémìdjàn (ọlọ́kadà akérò) tó ti wọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn hàn délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn nínú ọjà, kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí i nínú dígí. Ìgbà tí awakọ̀ kò bá rí i mọ́, kó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Dígí tó ṣe rìbìtì ń jẹ́ kí nǹkan dà bí ẹni pé ó jìnnà.”

Òótọ́ pọ́ńbélé. Dígí rìbìtì, èyí tó yọ ikùn síta, ń kó ibi tó fẹ̀ jọ sójú kan, nítorí náà ó ń sọ ohun gbogbo di kékeré, ojú wa sì máa ń rò pé ohun tó kéré jìnnà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an, torí èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ti ń wọlé, ibi tí wọ́n ti wá kò sì jọra. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, dígí òsì rẹ̀, níhà awakọ̀, pẹrẹsẹ ni, torí òfin ibẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti ọ̀tún ló yọ ikùn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí a ń wò sún mọ́ wa ju bó ṣe hàn lọ. Ta ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún awakọ̀ Pobẹ̀ tó jẹ́ Faransé ló kọ́ nílé ìwé? Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá, ti ọ̀tún ti òsì ló yọ ikùn, kò sì sí ìkọ̀wé kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì gbọ́dọ̀ tún ojú rẹ̀ kọ́.

Ọ̀pọ̀ dígí gígùn ní ojú méjì: ńlá pẹrẹsẹ lókè, kékeré rìbìtì nísàlẹ̀. Èyí tó kéré ni kó sọ fún wa bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀. Ńlá ni ká fi mọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ fi ọkọ̀ sí pápá, kí ẹnìkan gbé ọ̀kadà dúró sẹ́yìn, ẹ wò ó nínú méjèèjì, kí ẹ tó yíjú wò ó. Ìyàtọ̀ yẹn yóò yà yín lẹ́nu.

“Ọjọ́ tí a bá ra dígí ni à ń tò ó, ó parí.”

Nínú gbogbo wọn, irọ́ yìí ló burú jù lójú mi.

Bí àpò gààrí bá ti wọ ẹ̀yìn báṣé, ìdí rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè. Dígí tí a tò nígbà tí ọkọ̀ ṣófo á wá máa wo ilẹ̀: ọ̀dà ìdí ọkọ̀ ló máa fi hàn, ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ lókèèrè kò ní sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ẹrù bá wọlé, tí okùn bá le tán, ni kí awakọ̀ to dígí. Kó jókòó bí yóò ṣe jókòó lójú ọ̀nà gan-an, kó fẹ̀yìn ti àga. Kó fa apá dígí jáde títí tí ọ̀nà yóò fi hàn kọjá ẹrù. Etí ẹrù kò gbọdọ̀ gbà ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ níhà inú dígí. Ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé, kó wà ní nǹkan bí àárín. Dígí kékeré ìsàlẹ̀, kó máa wo táyà ẹ̀yìn, tàbí ti rẹmọ́ọ̀kì bó bá wà.

Ti ọ̀tún ló ń dá awakọ̀ lágara, nítorí òsì ló jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ẹnìkan á máa yí i níta, òun á máa júwe nínú. Àwọn kan ti fi í sílẹ̀ nítorí wàhálà yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún gan-an ni ọmọ ilé ìwé ń rìn, ọ̀tún ni zémìdjàn tí kò ní sùúrù ń gbà yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀.

“Ẹni tó ní ọmọọṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ kò nílò dígí.”

Irọ́ ni. Ìjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1911, níbi eré ìje ọkọ̀ ní Indianapolis, àwọn awakọ̀ yòókù gbé ẹni tó ń bá wọn wo ẹ̀yìn sínú ọkọ̀. Ray Harroun nìkan ló dá wakọ̀, ó fi dígí síwájú ara rẹ̀, òun ló sì gba ipò kìíní. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó jẹ́wọ́ pé dígí náà gbọ̀n lórí bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà eré ìje náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí nǹkan kan gidi. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa lọ sí oko: apá dígí tó bá gùn a máa gbọ̀n. Ẹ máa mú bóòtù rẹ̀ le.

“Kámẹ́rà ẹ̀yìn ti gba iṣẹ́ dígí.” Irọ́. Bí ẹ bá ti so rẹmọ́ọ̀kì, iwájú rẹmọ́ọ̀kì ni kámẹ́rà ń wò.

“Dígí gígùn a máa gbá èèyàn.” Òótọ́ ni, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní fífà jáde lẹ́yìn tí ẹrù ti bọ́ sílẹ̀. Ó ga tó èjìká tàbí orí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Bí ẹrù bá ti bọ́, ẹ ti apá rẹ̀ wọlé kí ẹ tó gbéra.

Ẹ̀yin ẹlẹ́rù pàápàá, bí ẹrù bá ti wọkọ̀ tán, ẹ má kán awakọ̀ lójú. Ẹ jẹ́ kó tún dígí rẹ̀ tò, tọ̀tún tòsì, kó tó ṣíná sí ọkọ̀.